Àga Ẹ̀gbọ́n Mi

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ètélù, inú ń bí mi, ọrùn ń dùn mí, ẹsẹ̀ àga ẹ̀gbọ́n mi sì ti kán lórí afárá.

Àga burúkú ni. Igi dúdú ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n fi idẹ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì wúwo bí òkú màlúù. Bàbá wa ló ní kí wọ́n ṣe é fún Lamásánì ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó fi í fún òrìṣà Mádúkù. Obìnrin Mádúkù kì í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé òrìṣà, kì í sì í fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga. Èmi àbúrò ni mò ń rù ú tẹ̀ lé e. Mo ti ń rù ú kí n tó ní ọmú.

Ètélù jókòó sábẹ́ ògiri ẹnubodè Sípárì ìlú wa, níbi tó ti ń tún ilẹ̀kùn àti àpótí ìjókòó ṣe. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ó wo àga, ó wò mí, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní ó dáa o, ojú mi ló jọ ojú ẹni tó ń gbé òkú lọ sin. Mo fẹ́ bú u, àmọ́ ẹ̀rín ló jáde.

Lamásánì ti lọ síwájú, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti dúró. Ètélù fi okùn àti ọ̀dà di ẹsẹ̀ àga náà. Nígbà tó fẹ́ gbé e lé mi lórí, òun fúnra rẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Ta ló gbẹ́ nǹkan yìí?" ó ní. "Ọ̀tá obìnrin ni."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn sí ẹsẹ̀ àga. Lónìí ó ń mì, lọ́la ó ń dún. Ètélù á tú u, á tún un dì, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jẹ́wọ́ fún mi pé òun kì í dì í le dáadáa.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́ ní ọjọ́ orí mi yìí? Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé òórùn ọ̀dà lásán, tí mo bá gbọ́ ọ lára ọkọ̀ ojú omi, inú mi á dùn. Olólùfẹ́ mi ló ń pè mí, níṣojú òòlù àti ayùn rẹ̀. Èmi náà ń pè é ní adémitù, ẹni tó dé tí ara tù mí.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Wọ́n gbé ẹja wá, wọ́n gbé òróró wá, wọ́n fa ọ̀dọ́ àgùntàn wá sílé bàbá mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọge tí ilé rẹ̀ ti jẹ ẹja àna ti di ìyàwó tán, ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ló kù. Bàbá mi sì jẹ ẹja náà tọwọ́tọwọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Lamásánì ti dé.

Òfin gbà kí obìnrin Mádúkù lọ́kọ, àmọ́ kò gbà kó bímọ. Íbínì ọkọ rẹ̀ mọ̀ kó tó fẹ́ ẹ. Ó ní òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ìyá Íbínì ni kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Irú ìyàwó yìí ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú obìnrin kan wá fún ọkọ, kí ìyẹn bá a bímọ, ọmọ á sì máa jẹ́ ti ìyálé. Bí kò bá mú un wá, àwọn ará ilé ọkọ á mú tiwọn wá. Èyí tí wọ́n bá sì mú wá, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gba kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ. Ìyá Íbínì ti wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan sílẹ̀, ọmọge rọ̀bọ̀tọ̀ kan tí gbogbo ọ̀rọ̀ ń pa lẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Lamásánì wá bá mi níbi tí mo ti ń sá àlùbọ́sà lórí òrùlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò rí i jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí.

"Nárù, mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

Mi ò bi í pé kí ló dé. Mo mọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gbé ẹja mi wá."

"Mo mọ̀."

"Bàbá ti jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀. Èmi náà jẹ nínú ẹ̀."

Mo ní kó ra ẹrú, ṣebí bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ní òun ti rò ó, pé ọmọ tí ẹrú bá bí, ìyá ọkọ òun á máa pè é lọ́mọ ẹrú títí ayé, orúkọ yẹn á sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ní bí ọmọge ẹlẹ́rìn-ín yẹn bá wọlé, òun á di àlejò nílé ara òun. Ó ní èmi nìkan ni ẹni tó lè bímọ tí ọmọ náà á fojú jọ òun.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kò sẹ́ni tó ro tèmi, pé ẹni tí mo fẹ́ ni mo fẹ́.

Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Eyín mi ò tíì ká nígbà tí wọ́n fi mí fún Mádúkù. Èmi, wọn ò bi mí léèrè. Ìwọ, mo ń bi ọ́ o, Nárù. Bí o bá ní o ò ṣe, màá dìde, màá sì máa lọ."

Ìbá ṣe pé ó pàṣẹ ni, ǹ bá kọ̀. Ìbéèrè yẹn ló ṣẹ́ mi lápá. Ẹni tí kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí ló ń béèrè lọ́wọ́ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú rẹ̀ kí n ní rárá? Mo nu imú mi, mo ní mo ti gbọ́.

Bàbá dá ẹja padà ní ìlọ́po méjì bí òfin ṣe sọ. Ìyá Ètélù gba ẹja, ó sì da òróró sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa níṣojú gbogbo àdúgbò. Mi ò dá a lẹ́bi. Ètélù kò wá rárá.

Wọ́n kọ ìgbéyàwó mi sórí wàláà amọ̀, àwọn àgbà sì kà á sétí mi. Èmi Nárù yóò máa fọ ẹsẹ̀ Lamásánì. Èmi ni yóò máa ru àga rẹ̀ lọ sílé Mádúkù. Bí inú bá ń bí i, kí inú máa bí mi. Bí inú rẹ̀ bá dùn, kí tèmi dùn. Ọjọ́ tí mo bá sọ fún un pé, "Ìwọ kọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n á fá orí mi, wọ́n á sì tà mí. Wọ́n ní ṣé mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, àárẹ̀ yẹn kò sì tíì tán lára mi.

Àárín ọdún yẹn náà ni àga ọ̀hún fọ́ pátápátá. Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ sí gbẹ́nàgbẹ́nà ẹnubodè kó ṣe òmíràn tó jọ ọ́, nítorí àdúgbò mìíràn ni tirẹ̀, kò mọ ohun tó wà láàárín wa. Ètélù gbé e wá gba ẹ̀yìnkùlé. Ó ti rù. Ó gbé àga kalẹ̀, kò kí mi.

"Gbé e wò," ó ní.

Mo wo àga. Dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀, idẹ lẹ́sẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fún eyín pọ̀, mo fi gbogbo agbára fà á sókè bí mo ṣe máa ń ṣe, àfi bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Àga náà fò sókè bí apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Igi etí odò tó fúyẹ́ jù ló fi ṣe é, ó gbẹ́ inú ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó fi esùsú hun abẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀dà kun ún dúdú, ó wá fi idẹ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé bò ó.

"Ètélù, kí lo ṣe yìí?"

"Mi ò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn," ó ní. "Ìwọ̀nba tí mo lè gbà kúrò lórí ẹ nìyẹn."

Ó ti ń lọ, ó tún yíjú padà.

"Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ o. Bí ìyá yẹn bá mọ̀ pé ó fúyẹ́, á gbé ìkòkò omi lé e fún ẹ. Máa kérora."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ẹ̀yin ènìyàn, mo kérora. Mo kérora lọ, mo kérora bọ̀. Bí ọdún òrìṣà bá dé, tí mo gbé àga yẹn lé orí, gbogbo òpópónà á mọ̀ pé ìyàwó kékeré Íbínì ti gbérù. Àwọn ọmọdé ń sín mi jẹ. Ìyá ọkọ mi, ẹni tí kì í ṣàánú ajá, á ní kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi, pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé Mádúkù dé ni. Ètélù ló fún mi ní ìsinmi yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ àfi àwa méjèèjì.

Bí a bá sì ń kọjá lẹ́nubodè, yóò gbé orí sókè nídìí iṣẹ́ rẹ̀, yóò pariwo níṣojú gbogbo ayé:

"Ìyàwó, ẹrù yẹn wúwo o."

Èmi náà á dáhùn pé, "Ó wúwo púpọ̀."

Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí a bá ara wa sọ láti ìgbà náà kò ju ìyẹn lọ. Àwọn ènìyàn rò pé ó ń kí mi kú iṣẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún ni ọkàn mi á ti máa retí rẹ̀, tí ó bá sì ti kọjá, mo tún di ẹni tó ń fọ abọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ṣe àga náà dáadáa jù. Kò mì, kò dún, kò bàjẹ́. Èmi tí mo ń wá ẹ̀sùn sí ẹsẹ̀ àga nígbà ọmọge, mo tún wá ẹ̀sùn títí, mi ò rí.

Mi ò ní í purọ́ mọ́ Íbínì. Kò nà mí, kò bú mi, ó máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Lamásánì ló fẹ́ràn, èmi ló sì ń bímọ fún un, bí a ṣe gbé e nìyẹn. Mo bí ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Ọmú mi ni wọ́n mu, àmọ́ Lamásánì ni wọ́n ń pè ní Ìyá. Èmi ni wọ́n ń pè ní Nárù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àkọ́bí mi, Ṣúmì, na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé "Ìyá", mo lọ sẹ́yìn ilé, mo lọ ọkà bálì tí kò sẹ́ni tó ní kí n lọ̀.

Mo gbọ́ pé Ètélù gbé ìyàwó. Mo gbọ́ pé ìyàwó náà kú sórí ìkúnlẹ̀, tòun tọmọ. Mo sunkún obìnrin yẹn bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n.

Alaalẹ́ ni mò ń fọ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn ju tèmi lọ. Ìdí omi yẹn la ti ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá, nítorí ojú rẹ̀ á wà lókè, tèmi á wà nílẹ̀, a ò ní í rí ara wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ṣàdédé béèrè, "Ṣé o ṣì ń rò ó?"

"Ta ni?" ni mo wí.

Ó ní, "Omi yìí ti tutù."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ wa kú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ibà mú Íbínì lọ. A sunkún rẹ̀ dáadáa, ó tọ́ sí i. Orí mi ti funfun nígbà náà, orúnkún mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Òfin wa sọ pé opó tó ti tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà lè kó ohun tó gbé ti ilé bàbá rẹ̀ wá, kó fi ilé fún àwọn ọmọ, kí ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ sì gbé e. Bí a ti ṣọ̀fọ̀ tán, Ètélù kan ilẹ̀kùn. Ó ti di arúgbó. Ẹja ló gbé dání.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ó ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní ẹja náà kéré ju ti ìjọ́sí lọ. Ó ní èmi náà ti kéré sí i.

Inú Ṣúmì kò dùn. Ó ní nǹkan ìtìjú ni. Nígbà tí gbogbo àwíjàre tán lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ta ni yóò wá máa gbé àga Ìyá?"

Ọmọ tí mo bí nìyẹn. Kò ní òun á ṣe àárò mi. Mo ní, "Orí tìrẹ ńkọ́, ṣé kò tóbi tó ni?"

Àwọn àgbà ló sọ ibi tó le síbẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ikú Íbínì tú mi sílẹ̀ lọ́wọ́ Íbínì, kò tú mi sílẹ̀ lọ́wọ́ Lamásánì. Ohun tí wọ́n kà sí mi létí níṣojú àwọn àgbà, Lamásánì nìkan ló lè tú u níṣojú àwọn àgbà. Bí kò bá wá, tí mo sì lọ sílé Ètélù, ó dà bí ẹni pé mo sọ fún un pé òun kọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á fá orí funfun yìí.

Mo sọ fún un nídìí omi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ." Ó ti inú omi fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ó lọ sùn. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó ti dàgbà, kò bímọ nínú, ọkọ rẹ̀ ti kú, èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mi ò lè bínú sí i, mi ò sì lè dúró mọ́. Àyà mi ti rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Àwọn àgbà jókòó sí àgbàlá Ètélù lẹ́bàá ẹnubodè. Ọtí bálì wà, búrẹ́dì wà, dàbínù wà, ẹja ti wà nínú àwo. A ń retí Lamásánì. Oòrùn gun òkè, ọtí kan, eṣinṣin bo ẹja. Àgbà kan wúkọ́. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀pá rẹ̀ kiri.

Ètélù fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Bí kò bá wá, olólùfẹ́ mi, padà sílé," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n fá orí ẹ nítorí mi. Màá ṣì máa kí ọ lẹ́nubodè."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ ariwo lórí afárá.

Àwọn ọmọdé ló ń rẹ́rìn-ín, àwọn àgbàlagbà sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnu ya gbogbo wọn. Lamásánì ló ń bọ̀. Òun ló ru àga ara rẹ̀ sórí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń rù ú, ó kọ ẹsẹ̀ àga síwájú, ó sì ń fi gún àwọn ènìyàn lẹ́yìn bó ṣe ń kọjá. Ṣúmì ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e fún òun, ìyẹn sì ń gbá a lọ́wọ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà wa, ẹsẹ̀ àga há mọ́ férémù. Ó fà á títí ó fi yọ.

Ó sọ àga kalẹ̀. Ó wò ó. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wo Ètélù fún ìgbà pípẹ́. Ó wá wò mí.

"Nárù."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Àga yìí fúyẹ́."

Mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ àga.

"Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mi ò lè gbàdúrà níwájú Mádúkù nítorí pé ọrùn ẹ ni mò ń rò," ó ní. "Mo ń gbọ́ ìkérora ẹ lójú oorun. Mo ń sọ fún ara mi pé mo ti fi ẹrù pa ọmọ ìyá mi. Àga yìí fúyẹ́, ìwọ oníjìbìtì yìí."

Mo rò pé inú ló ń bí i. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ṣebí wọ́n ti sọ fún mi pé bí inú rẹ̀ bá dùn, kí tèmi dùn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí a fi ń di ògiri mú, ẹkún sì dà pọ̀ mọ́ ọn, a ò mọ èwo lèwo.

Ó nu ojú. "Jókòó," ó ní.

Mi ò jókòó sórí àga yẹn rí. Mo jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó bọ́ bàtà mi, ó sì fọ ẹsẹ̀ mi níṣojú gbogbo àwọn àgbà. Kò mọ̀ ọ́n fọ̀. Ẹrẹ̀ kù sáàárín ọmọ ìka mi.

"Àbúrò mi ni," ó sọ fún wọn. "Kò jẹ mí ní nǹkankan mọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ́kọ."

A jẹ ẹja náà bó ti tutù. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Lamásánì ní òun ń lọ. Mo bi í pé ta ni yóò wá máa gbé àga fún un. Ó ní nǹkan tó fúyẹ́ báyìí, òun fúnra òun á rù ú. Mo yí i síbi tó tọ́ lórí rẹ̀, mo kọ́ ọ bó ṣe máa di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì jáde sójú ọ̀nà níbi tí gbogbo àdúgbò dúró sí tí wọ́n ń wò ó.

Ètélù na ọrùn jáde lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́.

"Ìyá," ó ké, "ẹrù yẹn wúwo o."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ó gbé ọwọ́ kan sí ìbàdí, ó tẹ̀ síwájú bí mo ṣe máa ń tẹ̀, ó sì kérora tó bẹ́ẹ̀ tí ajá fi gbó lókè afárá.

"Ó wúwo púpọ̀," ó ní, ó sì ń bá ọ̀nà ilé lọ.